Mo Rò Pé Gíláàsì Ojú Mi Ló Dọ̀tí

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo nu gíláàsì ojú mi. Mo nù ún títí, àwọn nǹkan dúdú wínníwínní tó ń fò kiri níwájú mi ò lọ. Mo bọ́ gíláàsì sílẹ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá gbójú sókè, ṣe ló dà bíi pé aláǹtakùn ta òwú sínú ẹyinjú mi. Kò dùn mí, kò pọ́n, kò sepin. Ẹni ọdún 61 ni mí nígbà náà, mo ní àgbà ló dé.

Dókítà ojú tí mo kọ́kọ́ rí ní uveitis ni, pé inú ẹyinjú ló ń wú. Ó fún mi ní steroid, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, tí mo ń kán sójú. Kò pẹ́ tí ojú mọ́ kedere. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún un. Bá a ṣe ní ká dín oògùn kù báyìí, ìkùukùu padà dé. A tún bẹ̀rẹ̀, ó tún lọ, ó tún dé. Nígbà tó yá, ojú kejì dara pọ̀. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣeré bojúbojú yìí.

Dókítà kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí mo lè bí, ló bi mí pé, "Mà, ṣé irú èyí ti ṣe yín rí nígbà tẹ́ ẹ wà léwe?" Rárá o. Ó ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe àgbàlagbà, tí steroid ń lé e lọ tó sì ń padà wá, àfi ká wò ó bóyá lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà, ló gbé agọ̀ wọ̀. Steroid máa ń pa díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí, ìyẹn ló ń jẹ́ kójú mọ́ fúngbà díẹ̀. Torí náà ló ṣe ní kí n dá oògùn dúró ná, kí àyẹ̀wò má bàa parọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn le. Ojú ṣú pátápátá.

Wọ́n fa díẹ̀ nínú omi kíki tó kún inú ẹyinjú mi. Lymphoma ni lóòótọ́. Wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọpọlọ mi, wọ́n fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi, torí pé irú tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹyinjú fẹ́ràn ọpọlọ. Wọ́n rí ibi kékeré kan tó ti dé nínú ọpọlọ. Orí ò sì fọ́ mi rí! Methotrexate, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n fi tọ́jú mi, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹyinjú. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ sínú ẹyinjú. Wọ́n máa ń fi oògùn pa ojú kú kí wọ́n tó gún un. Ìró ẹsẹ̀ dókítà tó ń bọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ lọ.

—

Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Lymphoma tèmi ò wọnú ẹyinjú rárá, ìta ló jókòó sí. Mo fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ níwájú dígí, mo rí ẹran kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo ẹni tó rí i ní Àpólò ni. Àpólò wo ló ń pé oṣù márùn-ún, tí kì í yún ni, tí kì í ran ẹlòmíràn? Wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò: irú lymphoma tí wọ́n ń pè ní MALT, tó máa ń rọra dàgbà. Wọ́n yẹ gbogbo ara mi wò, kò sí níbòmíràn. Ìtànṣán (radiation) ni wọ́n fi pa á. Ojú mi máa ń gbẹ títí dòní, ṣùgbọ́n mo ń ríran.

—

Ní tèmi, ọkọ mi ló ṣe. Fọ́tò ló tú u fó. Ọmọ wa ní, "Dádì, ojú yín kan tóbi ju ìkejì lọ." A kó fọ́tò ọdún méjì jáde, la bá rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹyinjú náà ń yọ síta. Kò dùn ún. Ó kàn ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó òun ti di méjì. Ẹ̀yìn ẹyinjú ni lymphoma tirẹ̀ fara pamọ́ sí. Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lojú yín báyìí?

—

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀tún mọ́, òsì ò mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń lọ fún MRI. Lánàá, nǹkan dúdú kan fò kọjá níwájú mi, àyà mi já. Mo bọ́ gíláàsì, mo nù ún.

Ìdọ̀tí ni.