Ṣé kí n yọ ẹṣin tó ti borí kúrò nínú àwọn tí mò ń tẹ̀ lé?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Yábàá ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n eré ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí, nítorí pé pápá tí àwọn bàbá wa ti ń wo ẹṣin ní Erékùṣù Èkó ti di Tafawa Balewa Square tipẹ́.

Ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí sáà eré tí ẹṣin ti ń fo ọgbà wọlé dé, mo kọ orúkọ ẹṣin 10 sínú ìwé kékeré kan, mo sì pinnu pé àwọn nìkan ni n óò máa fi ₦500 lé nígbàkígbà tí wọ́n bá sáré. Ẹṣin kẹta nínú ìwé náà ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì. Bírò pupa ni mo fi fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ bí ẹṣin bá ṣe ń borí ni àwọn tó ń díwọ̀n ẹrù tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan yóò gbé sáré, kí ìdíje lè dọ́gba, ń fi kún ohun tí yóò gbé, tí èrè orí rẹ̀ sì ń dín kù. Nígbà kẹta, ilẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ipò kẹfà ló sì gbà. Ó ká mi lára, nítorí mo ti rí i pé ilẹ̀ kò dára, síbẹ̀ mo fi owó lé e.

Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni, àbí kí n kàn máa fò ó nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀ lé irú ìlànà yìí títí dé Cheltenham, àjọ̀dún ńlá eré ẹṣin tó ń fo ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹta, báwo lẹ ṣe ṣe é?