Odindi ọdún méjì ni mo fi pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí

Ìyá Bọ́lá, Peckham:

Ẹ̀yin ará, ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó jọ̀ọ́ kó sọ tirẹ̀ náà.

Ọmọ ọdún 61 ni mí nígbà tí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, fi ike ìdánwò ìgbẹ́ tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ìfun ránṣẹ́ sí mi nílé. Mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Èmi, kí n máa bu ìgbẹ́ sínú ike, kí n tún fi ránṣẹ́ bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́? Ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ lára tíṣù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí ni mo pè é. Àgbo tí àbúrò mi ń fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ni mò ń mu sí i. Bó bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ti gbàgbé nìyẹn.

Ọjọ́ tí mò ń wá pásípọ́ọ̀tì ni mo tún rí ike náà. Kò ju àtàǹpàkò lọ, igi tín-ín-rín kan wà lára ọmọrí rẹ̀. Mo tẹ́ tíṣù sórí omi kí ìgbẹ́ má bàa rì, mo fi igi náà ha á, mo dé e pa, ó di inú àpótí lẹ́tà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí ni wọ́n ń wá níbẹ̀, wọ́n sì rí i. Wọ́n pè mí, wọ́n ti ìdí ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí bọ ìfun ńlá mi. Kókó ẹran méjì ló hù síbẹ̀. Wọ́n gé wọn lójú ẹsẹ̀. Kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ìfun ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ìdáná ni mo ti ka lẹ́tà èsì náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ló wá bi mí pé: "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín yín ńkọ́?" Òótọ́ ni, bí mo bá fi pákò fọ ẹnu, itọ́ mi á pọ́n. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà lẹ́nu, Fusobacterium nucleatum, tó wà lára àwọn tó ń ba ìdí eyín jẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ti kéde pé ó pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ ìfun ju inú ẹran tó dá ṣáṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí jẹjẹrẹ Fred Hutchinson ní Seattle, Amẹ́ríkà, yẹ kókó jẹjẹrẹ nǹkan bí 200 èèyàn wò. Ẹ̀yà kan pàtó lára kòkòrò náà, tó lè fara da omi kíkan inú ikùn, ló wà nínú bí ìdajì wọn. Wọ́n bá a nínú ìgbẹ́ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ìfun ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rò ó pé ó lè di ohun tí a ó máa fi tètè rí àrùn yìí. Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi o: a ò tíì lè sọ pé ẹni tó ní i lẹ́nu ló máa ní jẹjẹrẹ, fífọ eyín kò sì lè dípò ìdánwò ìgbẹ́.

Bọ́sún, Ìbàdàn:

Ẹ kú orí ire, Mọ́mì. Wọn kì í fi ike ránṣẹ́ sílé lọ́dọ̀ tiwa. Bàbá mi mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí ṣòkòtò fi ń bọ́ nídìí wọn. Ìgbà tí inú wọ́n wú, tí wọn ò lè yàgbẹ́ mọ́, la tó gbé wọn dé ọsibítù. Jẹjẹrẹ ìfun ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ọmọ ọdún 58 ni wọ́n. Mi ò rò ó rí títí di òní pé ẹnu wọn lè kàn án, bẹ́ẹ̀ eyín mẹ́rin ló ti jábọ́ lẹ́nu wọn.

Ìyá Bọ́lá, Peckham:

Bọ́sún ọmọ mi, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Níwọ̀n bó ti jẹ́ bàbá rẹ ni, sọ fún dókítà, má dúró dìgbà tí ìwọ náà bá rí ẹ̀jẹ̀. Ike ti ọkọ mi dé lánàá. Ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì eyín wọn ni mo gbé e sí.