Èèrà oko kòkó: èwo ló ń yún lásán, èwo ló yẹ ká gbé lọ ilé ìwòsàn?

Oníkòkó Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí èèrà bá dà bo àwọn tó ń ká kòkó lọ́nà Iléṣà níbí, ti ẹlòmíì á kàn yún, ti ẹlòmíì á wú di ọjọ́ kejì. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń pa ojú ibẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Oko:
Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ṣe é. Èèrà pupa tó ń lẹ ewé pọ̀ kọ́lé sórí igi kòkó àti igi obì kì í ta èèyàn. Ẹnu ló fi ń gé awọ, á wá ká ìdí bọ̀ níwájú, á tu ásíìdì sójú egbò yẹn. Ohun tó ń mú un gbóná nìyẹn. Omi àti ọṣẹ ti tó o. Tó bá tu ú sójú, ẹ má ra á, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún bí ìṣẹ́jú 15.

Ìjàlọ, eyín ni tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá já a, orí á kù sára. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà wọn ná, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀mú mú un níbi orí.

Ìkamùdù gan-an ló ní oró nídìí: dúdú gbọọrọ, tó máa ń rùn. Kì í fi abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ bíi ti oyin, ó lè tún un ta.

Nọ́ọ̀sì Ifẹ̀:
Ẹ̀yin bàbá ti sọ ọ́ dáadáa. Kẹrosíìnì kò pa oró kankan, awọ ló ń bó. Ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ bọ́ òrùka kó tó di pé ìka wú, kẹ́ ẹ wé yìnyín sínú aṣọ, kẹ́ ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10. Àgbàlagbà lè lo Piriton, oògùn ara yíyún, kan (mg 4) ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kó má ju mẹ́fà lọ lójúmọ́. Ó ń kunni lóorun, ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ gungi tàbí mú àdá. Ti ọmọdé, ẹ bi àwọn oníṣègùn.

Kí ojú ibẹ̀ wú di ọjọ́ kejì kò burú. Tó bá wá ń gbóná, tó ń tú ọyún, tí ibà dé, èékánná tí wọ́n fi họ ọ́ ló ti kó kòkòrò wọ̀ ọ́. Ẹ lọ gba ìtọ́jú.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ni pé kó ta á lẹ́sẹ̀, kí ètè tàbí ahọ́n máa wú, kí ara sú káàkiri, ohùn há, èémí máa dún, òòyì máa kọ́ ọ. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Piriton kò ká a. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló ń gbà á, itan ni wọ́n ń gún un sí: fún àgbà, mg 0.5. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè; tí kò bá lè mí, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà kíákíá.

Oníkòkó Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan, ṣé ó lè padà sóko?

Nọ́ọ̀sì Ifẹ̀:
Kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ìgbà tó ń bọ̀ lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má dá nìkan lọ sóko mọ́.

Bàbá Oko:
Kẹ́ ẹ má sì torí èyí da oògùn sórí igi o. Èèrà pupa yẹn ń jẹ kòkòrò tó ń fa oje ara kòkó. Bàtà òjò ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ẹ̀.