Ìlà ìràwọ̀ mi ń sún: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, nísàlẹ̀ òkè Olósùnta. Beta Aurigae ni mò ń fi spẹ́ktróskóòpù (irinṣẹ́ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè) ṣọ́, ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ní nǹkan bí ọjọ́ 4, tí ojú lásán ń rí bí ẹyọ kan. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìlà dúdú tí gáàsì háídrójìn fà sínú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pín sí méjì kedere, bí ìràwọ̀ kan ṣe ń bọ̀ wá tí èkejì ń lọ! Mo jí màmá mi kí wọ́n wá wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìlà méjèèjì ti wọnú ara wọn padà.

Àmọ́ ìlà iná neon tí mo fi ń díwọ̀n, tó yẹ kó dúró sójú kan, náà ń sún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé òtútù ọyẹ́ ló ń fún irinṣẹ́ mi pọ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí n ya àwòrán iná yẹn lóru kan? Mo ti yọ sísún tí ìrìn ayé yípo oòrùn ń fà kúrò nínú ìṣirò mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ìkùukùu òjò tó dé.