Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ dá ẹgbẹ́ sùpọ́tà sílẹ̀ ní Kétu: níbo ni kí owó wa kọ́kọ́ lọ?

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe sùpọ́tà rí.

Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èmi náà ti jáde ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ sùpọ́tà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣeré fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball, kí n sì jẹ́ parrain àwọn, ìyẹn alátìlẹ́yìn. Wọ́n tó ogójì. Inú mi dùn, torí nígbà tiwa, kálukú ló ń dá pariwo tirẹ̀ létí pápá, kò sí ètò kankan. Mo pe àwọn tí a jọ jáde, a dáwó. 75 000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́ báyìí, n kò sì rò pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ọdún ẹ̀kọ́ yìí tó parí.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Máyò ni àwọn ọmọ fẹ́. Máyò ṣáá, pẹ̀lú àwòrán ẹkùn níwájú àti orúkọ kálukú lẹ́yìn. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní 3 000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 120 000. Wọ́n tún fẹ́ ìlù, wọ́n fẹ́ vuvuzela, wọ́n fẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ Pọ́bẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Orin tún wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún mi gbọ́. Ohùn dùn, àmọ́ ìdajì rẹ̀ èébú ni: wọ́n bú orí gólì ẹgbẹ́ kejì, wọ́n bú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n dé orí ìyá tó bí i. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní n kò rẹ́rìn-ín. Dìrẹ́tọ̀ ni kò ní rẹ́rìn-ín.

Ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù: bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin nìkan ni gbogbo wọn ń sọ. Mo ní handball àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Wọ́n ń wojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọbìnrin yìí ló ń borí jù ní ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Níbo ni kí owó yìí kọ́kọ́ lọ? Báwo ni mo sì ṣe lè ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ tí n kò fi ní gba ẹgbẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èmi kò mọ bọ́ọ̀lù, ọmọ ni mo mọ̀. Ta ni yóò mú wọn lọ Pọ́bẹ̀, nínú ọkọ̀ wo? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn akẹ́rù tí wọ́n máa ń to ọmọ sí bí àpò àgbàdo ni, tèmi kò bá wọn lọ. Ẹ má sì kó wọn ní mẹ́ta mẹ́ta sórí zémidjan. Ẹ yanjú ìyẹn ná, kí ẹ tó dé orí máyò.

Akẹ́kọ̀ọ́ INJEPS, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni mò ń kọ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ mí lára, nítorí náà ẹ forí jì mí bí ó bá gùn díẹ̀.

Ẹ má ra máyò. Nígbà Korona ní 2020, ọ̀pọ̀ líìgì ńlá Yúróòpù gbá bọ́ọ̀lù láìsí òǹwòran. Nínú àwọn líìgì ńlá náà, Jámánì ló kọ́kọ́ padà sí pápá, ní oṣù karùn-ún. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé ẹgbẹ́ onílé kò borí tó bí wọ́n ti ń borí tẹ́lẹ̀, réfírì kò sì fún àlejò ní káàdì yẹ́lò tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ẹ gbọ́ kókó ibẹ̀: etí réfírì ni ariwo ń wọ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan. Máyò kì í pariwo.

Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kí ariwo ogójì ọmọ wúlò, pápá handball ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ. Mítà 40 ní gígùn, mítà 20 ní ìbú, ẹni méje méje ló ń ṣeré, ẹ̀bá ìlà gan-an sì ni òǹwòran ń dúró sí. Ogójì ọmọ létí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé ohùn wọn lọ. Létí pápá handball, gólì ẹgbẹ́ kejì á máa gbọ́ wọn lójú oorun.

Àmọ́ kí wọ́n kọ́ ìgbà tí wọn yóò dákẹ́. Olùkọ́ni lè béèrè ìsinmi ìṣẹ́jú kan, káàdì àwọ̀ ewé ni yóò gbé sórí tábìlì. Bí ó bá ti jẹ́ tiyín ló gbé e, kí ìlù dákẹ́ wẹ́lo. Ìṣẹ́jú kan náà ló ní láti fi tún nǹkan ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó ń wí. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kejì ló gbé e, hẹn, ẹ máa lù ú lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì mú fèrè tó jọ ti réfírì wá. Ó wà nínú òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀: bí fèrè òǹwòran bá da eré rú, réfírì á dá a dúró, á wá sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó ná: ọmọ yín ti kọjá ẹ̀yìn gbogbo wọn, ó ku òun àti gólì, sùpọ́tà tirẹ̀ wá fọn fèrè.

Aláwàdà, Ṣábẹ̀ẹ́

Kí Kétu kọ́kọ́ wá gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òkè tiwa níbí ná, ká mọ ẹni tó ní sùpọ́tà. 😄

Ṣé ẹ rántí bí Benin wa ṣe gbá ife Áfíríkà 2019 ní Íjíbítì? A ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù. A tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Mòrókò kí pẹnáritì tó gbè wá. A kò borí ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú, a sì wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí ẹgbẹ́ bá borí kó tó jáde, ilé ni yóò wà lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ yín.

Bàbá Onílù, Kétu

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rí ọ̀rọ̀ ìlù àti orin, mo ní kí n dá sí i.

Ẹ má náwó sórí ìlù ńlá. Agogo méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, ìlù kan péré tí ohùn rẹ̀ rìn jìnnà, ó tó. Ọmọ Kétu tí kò mọ agogo lù kò pọ̀. Vuvuzela yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló ní, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ orin mọ́. Àwọn FIFA tó gbà á láàyè ní South Africa ní 2010, àwọn náà ló fòfin dè é ní Brazil ní 2014.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí wọ́n yá ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa lò. Rárá o. Ìlù yẹn ní olówó rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé gbogbo ayé ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìgbà tí UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2001, ìyẹn kò sọ ọ́ di ìlù pápá. Ohun tí ẹ lè mú níbẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀fẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà. Lẹ́yìn ìjúbà ló tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí wọ́n ń kọrin mọ́ gan-an á sì máa rẹ́rìn-ín, bí ojú tilẹ̀ ń tì í. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kí àlejò, kí wọ́n kí réfírì, kí wọ́n wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pápá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí gólì bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́, ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ kò sí nínú pápá.

Mo kọ èyí fún wọn, kí wọ́n gbà á bó bá wù wọ́n:

*Gólì Pọ́bẹ̀, ẹ kú ilé o,*
*Àlejò dé, ẹ ṣílẹ̀kùn.*
*Ẹ̀ẹ̀kan la kanlẹ̀kùn,*
*Àwọ̀n ló dá wa lóhùn!*

Olùkọ́ kan, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá, a dúpẹ́. N ó mú orin yẹn wá síbí, n ó kàn yí orúkọ ìlú padà ni.

Ọmọ Ìdènà, má náwó kankan kí dìrẹ́tọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ ọ́: orúkọ ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àwọn aṣáájú wọn, olùkọ́ tí yóò máa bá wọn rìn. Olùkọ́ eré ìdárayá ló dára jù. Kí surveillant, ìyẹn alábòójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní orúkọ gbogbo ọmọ tó bá máa jáde kúrò nínú ìlú, kí àwọn òbí wọn sì fọwọ́ sí i. Bí àwọn ẹgbẹ́ òbí bá gbọ́ nípa rẹ̀ látẹnu yín, wọ́n lè bá yín wá bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ látẹnu ẹlòmíràn, ìpàdé ni wọn ó pè yín sí.

Owó náà, má jẹ́ kó wà nínú Mómò orí fóònù rẹ nìkan. Kí ọmọ kan máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn mú ìwé náà dání. Kì í ṣe torí pé wọn ó jalè. Bí kò bá sí ìwé, wọn ó ní o jalè.

Lójú tèmi, ẹni tí moyenne (máàkì ìpíndọ́gba) rẹ̀ kò bá pé 10 nínú 20, kó jókòó sílé kàwé. Bí ìdánwò BEPC àti BAC bá ti sún mọ́lé, kí gbogbo ìlù wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ INJEPS, Àjàṣẹ́

Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo fara mọ́ ti ìdánwò àṣekágbá. Ti moyenne ni n kò gbà. Ọmọ tó ń ní 8, bóyá ẹgbẹ́ yìí nìkan ló ń mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá lé e, ṣé ìwé ni yóò lọ kà?

Olùkọ́ kan, Ṣábẹ̀ẹ́

Àbúrò, nígbà tí o bá ti ní kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, wá padà bá mi sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ má jà. Kí ọmọ wá, kó mú ìwé rẹ̀ dání.

Agbá-handball-tẹ́lẹ̀, Àjàṣẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, mo ní kí n dákẹ́, kò ṣeé dákẹ́ sí.

Mo gbá handball fún kọ́lẹ́ẹ̀jì mi. Bí a bá ń ṣeré, ohùn tí a ń gbọ́ ni ti olùkọ́ wa àti ti ìyá alákàrà tó ń pe oníbàárà. Bí eré wa bá parí tí ti àwọn ọkùnrin bá kàn, ìgbà yẹn ni èrò á máa ya wọlé, wọ́n á ní ká kúrò lójú ọ̀nà. A gba ife kan wá sílé rí, ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì mi kò mọ̀ pé a lọ.

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìdènà, ẹ má bẹ àwọn ọmọ náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ni 75 000. Ẹ ní: ìjáde àkọ́kọ́, handball ni, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá parrain mìíràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ fún wọn.

Kí àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ náà má sì di ẹni tí ń pọn omi kiri fún àwọn tó ń lùlù. Kí ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tó ń lé orin. Ohùn obìnrin a máa la ariwo kọjá, Bàbá Onílù mọ ohun tí mò ń wí.

Bàbá Onílù, Kétu

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, kó mú ẹni tí yóò máa gbe orin pẹ̀lú rẹ̀ dání.

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pe àwọn ọmọ, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn. Orin Bàbá, kí n tó kà á tán ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ handball, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n gbà. Ti máyò ni ìjà wà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí la wá fẹ́ fi ya fọ́tò?" N kò rí èsì fọ̀.

Bí a ṣe pín in báyìí: 20 000 fún agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù kan. 40 000 wà nílẹ̀ fún ọkọ̀ Pọ́bẹ̀, a kò ní fọwọ́ kàn án títí dìrẹ́tọ̀ yóò fi fọwọ́ sí ìwé, a ó sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ òbí fi díẹ̀ kún un. 5 000 fún omi. Ó ku 10 000. Mo ń ronú pé ká fi ra aṣọ aláwọ̀ kan, ká gé e wẹ́wẹ́, kí kálukú so ó mọ́ ọrùn tàbí mọ́ ọwọ́. Ṣé ó bójú mu?

Ìyá Ìbejì, Kétu

Aṣọ ni iṣẹ́ mi. Mú 10 000 yẹn wá, n ó bá ọ ra á, n ó gé e, n ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ kó má baà tú. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Mi ò gbà. Àwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́?

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ìyá mi, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí àwọ̀. Yẹ́lò ló ń lékè.

Aláwàdà, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ mú yẹ́lò o, kí réfírì tètè máa rántí káàdì.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Bí kò bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ tètè sọ. Handball àwọn ọmọbìnrin yẹn, ìgbà wo ni? Mo fẹ́ wá wò ó fúnra mi.

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ gbé àga dání o, kò sí ìjókòó níbẹ̀.