Ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa: ṣé ká ra sáfà ni, àbí ká gbé e lọ sórí cloud?

Akọ̀wé Òkè-Àje, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa tí à ń ta gàrí nítòsí ọjà Òkè-Àje. A lé ní igba ènìyàn. Iye tí kálukú ti dá, iye tó yá, iye tó ti san, iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, inú Excel ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Lóṣù tó kọjá, iná dé, ó sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láptọ́ọ̀pù kú fin. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọmọ tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe rí hádì dísíìkì rẹ̀ yọ láìbàjẹ́. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ìyá tó fẹ́ yá owó ra ẹ̀gẹ́ ń wò mí lójú, n kò sì lè sọ iye tí ẹnikẹ́ni ní fún un.

Ní báyìí, ẹnìkan ti kó ìwé iye owó wá pé ká ra sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ìwé fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ká gbé e sí ọ́fíìsì. Ọmọ alága wa ní tòun, cloud ló dára. Alága bi í pé, “Níbo gan-an ni ìwé wa máa wà?” Kò rí i ṣàlàyé tó yé wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni cloud yìí? Kí ló wà nínú rẹ̀? Ta ló máa máa rí ìwé wa? Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Owó àwọn ìyá àgbà ni, n kò fẹ́ fi ṣeré rárá.

Ọmọ Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí alága ti bèèrè, torí ìbéèrè gidi ni wọ́n béèrè.

Inú kọ̀ǹpútà ni ìwé yín máa wà, kọ̀ǹpútà tó ṣeé fọwọ́ kàn, nínú ilé tó ní òrùlé. Ilé dátà là ń pè é. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀, àgbékọ́ irin ni ẹ máa rí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ga ju ènìyàn lọ, sáfà kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, iná wínńìwínnì ń tàn lára wọn. Ariwo fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Bátìrì wà níbẹ̀ tó ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ẹlòmíràn ló ni ilé náà. Ẹ̀yin kàn ń yá ààyè lò nínú rẹ̀ ni, íntánẹ́ẹ̀tì lẹ sì ń gbà débẹ̀.

Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Sáfà wà tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Ibi ìpamọ́ wà tí fáìlì ń gbé, wọ́n sì sábà máa ń tọ́jú fáìlì kan náà sí orí dísíìkì tó ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kan lè kú láìsí ohun tó sọnù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà tó so wọ́n pọ̀, tó sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀ ni sọ́fítíwia tó ń pín sáfà ńlá kan sí ọ̀pọ̀ kéékèèké. Oníbàárà ogún lè wà lórí irin kan, kí kálukú máa rò pé òun nìkan ló ni kọ̀ǹpútà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ohun tí ẹnìkejì ń ṣe. Òun ló mú kí wọ́n lè yá yín ní díẹ̀, kí owó rẹ̀ má pọ̀. Amazon ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọjà tí gbogbo ayé ń ná: ní Oṣù Kẹta 2006 ni wọ́n gbé ibi ìpamọ́ wọn, S3, jáde, nígbà tó di Oṣù Kẹjọ ọdún náà wọ́n gbé sáfà àyálò jáde, EC2.

Kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ cloud ta nǹkan mìíràn fún yín, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ àmì márùn-ún sílẹ̀ ní 2011 tí à ń fi mọ̀ ọ́n. Ẹ lè gba ohun tí ẹ fẹ́ fúnra yín láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ lè dé ibẹ̀ láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló jọ ń pín ohun èlò kan náà. Ó lè fẹ̀ tàbí kó súnkì kíákíá bí ẹ bá ṣe fẹ́. Wọ́n sì ń wọn ohun tí ẹ lò.

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Akọ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta gàrí, ẹ jẹ́ kí n fi gàrí ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà tà á. Ẹnìkan lè gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ, kó sanwó lílọ̀ nìkan; òun fúnra rẹ̀ ló máa fún un, tó máa yan án. Ìyẹn ni IaaS, sáfà lásán lẹ yá, gbogbo iṣẹ́ tó kù, ọrùn yín ló wà. Ẹlòmíràn lè lọ síbi tí ẹ̀rọ, ìfúngàrí àti agbada ìyangàrí ti wà nílẹ̀, kó kàn gbé ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ wá. PaaS nìyẹn, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia ló ń lò ó. Ẹni kẹta jókòó síbi tí wọ́n ti ń tajà oúnjẹ, wọ́n gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀. SaaS nìyẹn, sọ́fítíwia tó ti ṣetán lẹ kàn ń lò: Gmail, Google Drive, Microsoft 365.

Ẹ̀bà ni ti ẹgbẹ́ yín. Èyí tí wọ́n ní kí ẹ rà yẹn, ẹ̀rọ odidi ni, pẹ̀lú ẹni tó máa máa tún un ṣe. Sáfà fẹ́ iná tí kì í lọ, ó fẹ́ yàrá tútù, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Iná tó pa láptọ́ọ̀pù yín lè pa á. Olè lè gbé e. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn: ẹ má rà á.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, ní Èkó

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò.

Àwọn ilé dátà ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ àgbáyé wọ̀nyí ní ní Áfíríkà, South Africa ni púpọ̀ wà: Microsoft bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2019, Amazon ṣí tirẹ̀ ní Cape Town ní 2020, Google ṣí ti Johannesburg ní 2024. Okùn tó gba abẹ́ òkun kọjá ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa lọ síta. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, mẹ́rin nínú okùn yẹn, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, jọ bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ẹ ó rántí bí àpù báńkì ṣe dákú lọ́wọ́ àwa tá a wà ní Nàìjíríà. Owó wà níbẹ̀, ọ̀nà ni kò sí.

Nítorí náà, ẹ ṣètò kí ìwé yín ṣeé ṣí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Google Sheets, tó dà bí Excel lórí cloud, ní ààyè offline, ìyẹn lílò láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí fóònù àti nínú Chrome. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lẹ gbọ́dọ̀ ti tan án. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ owó ọjọ́ náà lọ, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà, ó máa gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òdógbolú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun kan wà tí ẹ kò tíì sọ, òun ló sì ń dùn mí jù. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó ilé ìwé kan.

Google Drive, ibi tí Google ti ń bá yín tọ́jú fáìlì, àti ẹ̀dà ìpamọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Bí akọ̀wé bá so fódà láptọ́ọ̀pù mọ́ Drive, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ọmọdé bá ń fi láptọ́ọ̀pù ṣeré, tó pa fáìlì rẹ́, ó ti parẹ́ lórí cloud pẹ̀lú, àti lórí fóònù alága. Ó máa wà nínú àpótí ìdọ̀tí Drive fún ọgbọ̀n ọjọ́, lẹ́yìn náà ó lọ pátápátá. Bí ẹnìkan bá fi 5,000 sí ibi tó yẹ kó jẹ́ 50,000, Drive kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí Version history nínú Sheets: ó ń fi orúkọ ẹni tó yí nǹkan padà hàn, àti ọjọ́ àti wákàtí, ẹ sì lè dá ìwé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ti fi yanjú ìjà láàárín olùkọ́ méjì rí.

Ilé dátà náà lè jóná. Ní Oṣù Kẹta 2021, iná sọ ní ilé dátà OVH ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, odidi ilé kan jó tán. Àwọn oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn pàdánù ìwé wọn. Nítorí náà, lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà sórí flash, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí irin alága. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Akọ̀wé Òkè-Àje

Ẹ ṣé gan-an ni, ojú mi ti là. Akápò wa ń bèèrè nǹkan méjì: ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní máa rí gbèsè ara wọn? Àti pé, ṣé dọ́là ni a máa máa san?

Ọmọ Ṣágámù

Lórí ìkínní mà: iléeṣẹ́ cloud ń ṣọ́ ilé, irin àti iná. Ẹni tó lè wọlé wo ìwé, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi àkáǹtì Google tiyín mà, tẹ́ ẹ fi ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, ṣe é. Ẹ ṣí tuntun ní orúkọ ẹgbẹ́, kí akọ̀wé tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbà á láìsí wàhálà. Ẹ tan ìdánimọ̀ ìgbésẹ̀ méjì, ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n á tún fi fóònù dá yín mọ̀ kí ẹ tó wọlé. Google máa fún yín ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó wọ inú àpótí irin pẹ̀lú flash. Èyí ṣe pàtàkì torí fóònù lè sọnù lọ́jà. Alága àti akápò, kí wọ́n lè wo ìwé, kí wọ́n má lè kọ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sí “Anyone with the link” láé, torí bí ẹnìkan bá fi líǹkì náà sórí WhatsApp, gbogbo ìlú ti rí gbèsè gbogbo ìyá.

Agbẹjọ́rò, Ìkẹ́nnẹ́

Òfin tún wà lórí èyí. Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ní Oṣù Kẹfà 2023. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè ènìyàn, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ pa mọ́ dáadáa ni. Ẹ sọ fún wọn ní ìpàdé ibi tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí àti ẹni tó lè rí i.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, ní Èkó

Lórí dọ́là: ẹni tó bá yá sáfà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ òkèèrè, dọ́là ni wọ́n sábà ń fi ka owó rẹ̀, ó sì ti nira púpọ̀ láti 2023 tí náírà já wálẹ̀. Kò kàn yín. Google ń fún gbogbo àkáǹtì ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Excel igba ènìyàn kò sì lè gbà ju MB díẹ̀ lọ. Kìkì pé ẹ má ṣe pa àkáǹtì náà tì: èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́.

Akọ̀wé Òkè-Àje

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún alága lórí fóònù. Wọ́n ní ká dá ìwé iye owó sáfà padà. Ní ìpàdé Sátidé, a máa ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ọmọ alága ló máa gbé Excel náà lọ síbẹ̀, flash àti kóòdù máa wọ àpótí irin. Ṣé ká gba pásíbúùkù, ìwé kékeré tí à ń kọ owó kálukú sí, lọ́wọ́ àwọn ìyá báyìí?

Ìyá Ìbejì, Òdógbolú

Ẹ má gbà á o! Ẹ máa bá wọn kọ ọ́ sí i lójú wọn bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ohun gbogbo bá dákú lọ́jọ́ kan, ọwọ́ igba ènìyàn lẹ ti máa rí ìwé yín tò padà.

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Kí ẹ tó tú ká lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ki flash náà bọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí i, kí ẹ pe orúkọ ìyá mẹ́ta, kí wọ́n fi pásíbúùkù wọn wé ohun tó wà níbẹ̀.