Nọ́ńbà AFP bàbá mi lẹ́yìn tí wọ́n gé kókó kúrò lẹ́dọ̀ wọn

Arábìnrin tó bèèrè ìdí tí wọ́n ṣì fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ohun tójú àwa rí lórí bàbá mi ní Ṣómólú nìyí.

Hẹpatáítíìsì B ló ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ wọn lábẹ́lẹ̀ tipẹ́. Kí wọ́n tó wọ tíátà, AFP wọn, ìyẹn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń gbé sókè, ti kọjá 400, bẹ́ẹ̀ tẹni tára rẹ̀ le kì í sábà kọjá 10. Dókítà ti sọ fún wa nígbà yẹn pé tó bá ti ga tó báyìí, àìsàn náà sábà máa ń fẹ́ padà wá. Nínú èèyàn 100 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, ó lè padà sára nǹkan bí 70 láàárín ọdún 5. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọra, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé kò fi pamọ́ fún wa.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì AFP tó wà lára yẹ kó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dín lọ. Tó bá kọ̀ tí kò lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ṣì kù nínú. Ti bàbá wálẹ̀ dé 6. Ìyá mi ṣe sàráà, bàbá sì ní àwọn ò lọ mọ́: "Wọ́n ti gé e, kí ni wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ mi sí?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Iṣan wọn kì í tètè yọ, nọ́ọ̀sì á gbá apá kan títí, á tún bọ́ sí ìkejì. Ìyá mi ló ń bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló yọ wá. 6 di 9, 9 di 21, 21 di 48. Lójú ẹni tó ti rí 400, kí ni 21? Ìgbà tí dókítà to ìwé èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní ká lọ ya síkáànì CT lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kókó kékeré kan ti tún yọ, wọ́n sì ráyè gé e. Ẹ jọ̀ọ́, láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lọ, torí ẹ̀rọ ibòmíràn lè gbé nọ́ńbà tó yàtọ̀ jáde.

Èsì láti Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. AFP àbúrò mi ọkùnrin ò ga rí, kókó sì wà níbẹ̀ kedere lórí síkáànì. Wọ́n ní nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń rí bẹ́ẹ̀. PIVKA-II, èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lè gbé sókè, ló ga lára tiẹ̀, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé, pẹ̀lú síkáànì. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó tètè sọ o, oògùn yẹn máa ń gbé PIVKA-II sókè láìsí jẹjẹrẹ. Tenofovir tó ń lò fún hẹpatáítíìsì náà, a kì í jẹ́ kó tán nílé, torí bí kòkòrò yẹn bá ń gbilẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, jẹjẹrẹ mìíràn lè hù.

Arábìnrin, AFP ọkọ yín ṣáájú iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ẹ wò ó nínú fáìlì wọn, kẹ́ ẹ sọ fún wa.